Etí Àbúrò Mi

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Awòwájú ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé òkúta. Mo gbé e lé e. Òkúta náà tutù. Ó dá mi mọ̀, ilẹ̀kùn sì tì lẹ́yìn mi.

"Ṣé ẹ̀yin ni Akíntẹ́ríwá, Etí Adémúwàgún?"

Mo ní èmi ni.

"Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀?"

Mo ní èmi nìkan ni.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

Mi ò jókòó. Láti ọdún tó kọjá tí mo ti ń wá sí yàrá yìí, ẹ̀rọ náà kò ní kí n jókòó rí. Ó máa ń sọ pé ara àbúrò mi dára, èmi á dúpẹ́, màá sì lọ wọ ọkọ̀ olókùn padà sí òkè. Mo mọ̀ pé tòní yàtọ̀.

Ó ní nǹkan kan ń ti ara iṣan Adémúwàgún láti inú, láràárọ̀, títì náà sì ń pọ̀ sí i. Ó ní ẹ̀jẹ̀ yóò wá ọ̀nà gba ẹ̀yìn túùbù tó wà nínú rẹ̀ jò kí àgbàdo tuntun tó gbó. Ó ní àmì rẹ̀ lójú òun ti di pupa, àmì ewu.

Ohùn rẹ̀ dà bíi ti obìnrin tó ti tọ́ ọmọ púpọ̀. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn. Mi ò mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń kẹ́dùn, ṣùgbọ́n mo ní ó ṣeun.

Àbúrò mi ni Adémúwàgún. Múwà ni a ń pè é. Ìyá kan náà ló bí wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa na àwọ̀n ìbòòrùn sórí oko àwọn ará Orí-Àpáta, kí oòrùn má baà jó ewé wọn. Ó máa ń wà lórí òpó, á máa sọ̀rọ̀, á máa pa àwọn tó wà nísàlẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ní ọdún tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan gòkè wá láti fi ẹ̀rọ wo ikùn àwọn àgbàlagbà. Ó wo ti Múwà, ó sì tún un wò. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba inú ikùn lọ sí ẹsẹ̀ ti wú. Ó wú bí ojú táyà tó fẹ́ bẹ́. Kò dun Múwà. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ó ní òun ò lọ sí ìsàlẹ̀ nítorí ohun tí kò dun òun. Mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi wọ bàtà.

Wọn ò la ikùn rẹ̀. Ibi tí itan ti pàdé ikùn ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n sì ti túùbù aṣọ oníwáyà kan gòkè sínú iṣan náà, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, kí ibi tó wú sì sinmi. Wọ́n fi hóró kan sí ẹ̀gbẹ́ túùbù. Kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Hóró yìí ló ń ròyìn fún Awòwájú tọ̀sán tòru, Awòwájú sì ń ti ara ìròyìn náà sọ ohun tó ń bọ̀.

Òfin kò gbà kí ó sọ ọ́ fún aláìsàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ fún wọn. Àwọn kan gbọ́ pé nǹkan ń bọ̀, wọn ò jẹun mọ́, wọn ò sùn mọ́, wọ́n sì kú kí nǹkan náà tó dé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe Òfin Etí. Ẹni tó bá ní túùbù yóò yan ẹnì kan tí yóò máa bá a gbọ́. Etí ni yóò pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Ó lè sọ ohun tó gbọ́ fún aláìsàn, ó sì lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá sọ ọ́ ni kì í ṣe Etí mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, aláìsàn ni yóò máa wọ yàrá yẹn fúnra rẹ̀.

Ìyàwó Múwà, Ìyá Fọlárìn, kọ̀. Ó ní ẹnu òun ò lè di irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ni Múwà bá yàn mí. Ó sọ fún akọ̀wé tó ń kọ orúkọ Etí sílẹ̀ pé bí ilé bá ń jó, èmi á kọ́kọ́ rò ó bóyá ó yẹ kí n dá sí i. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jáde, Múwà fúnra rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá burú, ẹ má sọ fún mi. Ẹ ṣe èyí tó bá tọ́ lójú yín. Èmi fẹ́ máa na àwọ̀n mi lọ."

Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí mo kúrò níwájú Awòwájú, mo lọ bá Dókítà Ọmọ́tádé. Òun ló fi túùbù sí Múwà nínú. Ọmọ kékeré ni lójú mi, kò tíì tó ogójì ọdún. Etí òkun ni wọ́n ti bí i, ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí gbogbo ènìyàn ń gbé abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan àyà kí ara wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí kò bá mọ̀, á ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí òun la ikùn Múwà, kí òun yọ túùbù náà, kí òun rán òmíràn mọ́ iṣan. Mo béèrè bóyá yóò jí. Ó ní eruku àpáta ti pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, òun ò lè ṣèlérí. Èkejì ni kí Múwà sọ̀kalẹ̀ wá máa gbé Ilé Àbójútó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá jò. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá ti pupa, kò yẹ kí ó máa gbé òkè. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá dá ọkọ̀ olókùn dúró, kò sí bí a ṣe lè gbé e sọ̀kalẹ̀.

Mo mọ Ilé Àbójútó. Ooru ìsàlẹ̀ pọ̀ débi pé wọn kì í ṣílẹ̀kùn títí oòrùn fi máa wọ̀. Àwọn kan láti òkè wa ń gbé ibẹ̀. Ara wọn le. Mo lọ kí wọn nígbà kan, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òjò ti rọ̀.

Títí di ọjọ́ ọjà ni mo ní láti fi dáhùn. Bí Etí ò bá dáhùn, òfin yóò dáhùn fún un: wọn yóò gòkè wá gbé Múwà. Dókítà ní òun fúnra òun ni yóò wá gbọ́ ìdáhùn mi. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí ọkùnrin yẹn ń gbé, torí aláìsàn kan ò tíì pa òun lẹ́rìn-ín lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ bíi tirẹ̀.

Mo dúpẹ́. Mo wọ ọkọ̀ olókùn.

Nígbà tí ooru lé àwọn bàbá wa kúrò nísàlẹ̀, wọ́n gun Orí-Àpáta pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí orí wọn lè rù. Àṣà kò wúwo, wọ́n ru gbogbo rẹ̀. Títí di òní, ọkùnrin tó bá ń kí àgbà ní òkè wa gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí àyà àti ikùn rẹ̀ kan àpáta. Kí ènìyàn tẹ orí ba lásán, kí ó fi ìka kan ilẹ̀, a kì í kà á sí kíkí.

Láti ìgbà tí ara Múwà ti yá ló ti ń dúpẹ́ káàkiri. Ó lọ sọ́dọ̀ gbogbo àgbà tó gbàdúrà fún un. Nígbà tó parí ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó wá kí i nílé. Tèmi ò parí rárá. Àràárọ̀ ló ń wá. Kí n tó fọ ẹnu mi tán, á ti nà síwájú ilé mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oore àná."

Mo sọ fún un pé oore náà ti di ti èṣí. Kò gbà. Ó ní ẹ̀mí òun kì í ṣe abọ́ ẹ̀wà tí ènìyàn ń dúpẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kejì tí mo ti ìsàlẹ̀ dé, ó wá bó ṣe máa ń wá. Ó kí mi, ó dìde, ó gbọn eruku kúrò níkùn. Ó ní ojú mi dà bí ojú ẹni tó gbé ṣíbí mì. Mo ní oorun ni. Ó ní ṣé oorun ni àbí ìyàwó tuntun. Ó lọ sí oko tí wọ́n ti ń na àwọ̀n. Wọn ò jẹ́ kí ó gun òpó mọ́, nítorí túùbù. Ó máa ń dúró nísàlẹ̀, á máa fi ẹnu gùn ún, àwọn tó wà lókè á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn gbádùn.

Mo tẹ̀lé e. Mo jókòó sórí àpáta lẹ́bàá oko náà, mo ń wò ó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí ọjọ́ ọjà fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n la ikùn rẹ̀, tí kò sì jí, èmi ni mo ní kí wọ́n là á. Bí mo bá ní kí ó lọ sí ìsàlẹ̀, ògiri ni yóò máa bá ṣeré. Bí mo bá sọ fún un kí ó lè yan èyí tó fẹ́, mo ti yẹ àdéhùn. Ó ti bẹ̀ mí, mo sì ti ní mo gbọ́.

Ìyá Fọlárìn ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Ọjọ́ kan ó wá kó abọ́, ó rí i pé mi ò fọwọ́ kan ẹ̀bà náà. Ó dúró.

"Bàbá wa, ẹ ò jẹun."

Mo ní inú ló ń run mí.

Ó gbé abọ́ náà. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Inú ta ni?"

Kò béèrè mọ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń rìn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá.

Kí ọjọ́ ọjà tó mọ́, mo ti yan ìsàlẹ̀. Mo rò ó pé ó sàn kí ó máa bínú sí mi láàyè.

Dókítà dé kí oòrùn tó mú. Mo ti lọ dúró dè é níbi ọkọ̀ olókùn láti ìdájí, nítorí náà Múwà ò bá mi nílé láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ gbé ìborùn Dókítà lọ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, obìnrin kan tó ń ta ata bá a mú un. A rìn dé iwájú ilé mi. Mo gbé àga fún un. Ó yọ gíláàsì pẹlẹbẹ kan nínú àpò, èyí tó lè gbọ́ hóró láti ọ̀nà díẹ̀, ó gbé e lé itan. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun wo ìlà tí hóró náà ń fà síbẹ̀ kí òun tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́ nígbà tí Múwà yọ, òun àti ìyàwó rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí Dókítà. Ó béèrè bóyá túùbù rẹ̀ ló wá gbà padà. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ti lò ó, kò rí bíi tuntun mọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ìlà tó wà lójú gíláàsì ń lọ jẹ́jẹ́, mo rí i láti ibi tí mo wà.

Múwà wá yíjú sí mi. Ó nà gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oore àná."

Gíláàsì náà ké. Ìlà tó wà lójú rẹ̀ fò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀ lókè. Dókítà fò dìde.

"Kí ló dé? Ṣé ó ṣubú ni?"

"Rárá o," ni Ìyá Fọlárìn wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kí."

Múwà fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Ìlà tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wálẹ̀. Gíláàsì dákẹ́. Dókítà wo ìlà náà. Ó wo eruku tó wà níkùn Múwà. Èmi náà ń wo eruku yẹn. Mo ti ń rí i láràárọ̀. Mo sì gbọ́ tí Awòwájú ní láràárọ̀ ni nǹkan náà ń ti iṣan. Mi ò so méjèèjì pọ̀.

Dókítà béèrè ìgbà tí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní láràárọ̀. Ó béèrè bóyá èmi nìkan ni. Ìyá Fọlárìn bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ àwọn tí ọkọ rẹ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, láti àdúgbò dé àdúgbò. Ó ń kà wọ́n lọ, kò dánu dúró. Dókítà ní ó tó.

Ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ló ti bá mi sọ̀rọ̀, ó rọra ń sọ ọ́. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún Múwà pé kó má gbé ẹrù, kó má gun nǹkan, kó má fi agbára yàgbẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun ò kìlọ̀ pé kó má dọ̀bálẹ̀, nítorí kò wá sí òun lọ́kàn. Mo ní kò wá sí àwa náà lọ́kàn. A ò kà á sí iṣẹ́ tí ikùn ń ṣe.

Ó ní àwọn tí kì í dọ̀bálẹ̀ ni Awòwájú fi kọ́ ohun tó mọ̀. Lára wọn, ìlà tó bá ń fò báyìí láràárọ̀, ìjò ló ń bọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ló ń ti hóró náà, tí túùbù sì wà pa. Ó sì lè jẹ́ pé ìjò ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, tí ìdọ̀bálẹ̀ kàn ń là á sí i. Òun ò mọ èwo ni. Ọ̀nà kan ló wà láti mọ̀: kí Múwà má fi ikùn kan ilẹ̀ rárá títí di ọjọ́ ọjà mìíràn, kí wọ́n tún wá gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìjò ni, orí òkè ni yóò bá a.

"Ẹ̀yin ni Etí rẹ̀, Bàbá. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe."

Mo ronú díẹ̀. Mo lè ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ìsàlẹ̀. Àdéhùn mi kò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ dúró, a gbọ́dọ̀ ní kí Múwà má kí àgbà mọ́. Ọkùnrin Orí-Àpáta kan kò ní gbà bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ìdí. Ìdí náà sì ni ohun tí ó ní kí n má sọ.

Mo sọ fún Dókítà pé mi ò ṣe Etí mọ́. Mo padà síwájú ilé.

Múwà jókòó sórí òkúta. Kò ṣe àwàdà kankan. Mo jókòó tì í. Mo sọ gbogbo ohun tí Awòwájú sọ, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Kò pẹ́. Ìyá Fọlárìn gbé ọwọ́ lérí.

Múwà wo eruku tó wà níkùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kíkí tí mò ń kí yín ló fẹ́ pa mí?"

"Ó lè jẹ́."

"Tí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

"Wọn yóò la ikùn rẹ. Tàbí kí o lọ gbé ìsàlẹ̀."

"Èwo lẹ ti yàn fún mi?"

"Ìsàlẹ̀."

Ó mi orí. Ó ní òun ì bá bínú. Mo ní mo mọ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ ti ń gbé e kiri?"

Mo ní láti ọjọ́ tí mo lọ. Ó ní ìyẹn ni ṣíbí tí mo gbé mì. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè wo Dókítà, ó ní òun yóò dúró lókè, òun yóò sì mú ikùn òun kúrò nílẹ̀. Dókítà tún sọ ewu tó wà níbẹ̀ fún un, kedere. Ó ní òun gbọ́. Ó ní kí wọ́n ṣáà má sọ fún ìyá wa ní ọ̀run pé òun ń dúró kí Akíntẹ́ríwá.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ò rọrùn fún un. Kò lè dúró níwájú àgbà, kò sì lè dọ̀bálẹ̀. Ó wá ń sá. Bó bá rí bàbá kan lọ́ọ̀ọ́kán, á gba ẹ̀yìn táńkì omi. Wọ́n rí i níbi tó ti ba mọ́ ẹ̀yìn ẹran-ọ̀sìn ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ láàárín ìlú pé túùbù ti sọ ọ́ di agbéraga, pé ó ti dúpẹ́ tán, ojú rẹ̀ ti là.

Mo gbọ́ ọ lọ́jà. Mo wọ aṣọ, mo sì ń lọ láti ilé dé ilé. Ilé tí mo bá dé, màá jókòó, màá sọ fún wọn ohun tó wà nínú ikùn àbúrò mi àti ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ ń ṣe sí i. Ẹnu yà wọ́n. Mo rò pé nítorí ohun tí mo sọ ni. Ọ̀kan nínú wọn ní rárá, òun ò mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ tó báyẹn.

Wọ́n gbà. Wọ́n ṣe dáadáa sí i, n kò lè gbàgbé. Bí Múwà bá ti ń bọ̀, wọn á gbé ọwọ́ sókè láti ọ̀nà jíjìn, wọn á ní, "A ti rí i." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ti gba ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀, kó máa kọjá lọ. Bàbá Olókùnrun, tó dàgbà jù mí lọ, ọjọ́ pẹ́ tó ti jáde nílé. Ó ní kí wọ́n gbé òun dé ilé Múwà. Ó ní bí Múwà ò bá lè wá sílẹ̀ bá òun, òun lè bá a lókè. Wọ́n dì í mú ní apá méjèèjì, ó dìde, ó sì gbá Múwà mọ́ra.

Iwájú ilé tèmi ló le jù. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Múwà wá, ó dúró. Kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ó fi sẹ́yìn, ó mú un wá síwájú. Ó yíjú padà láti lọ. Mo jáde sí i.

"Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń bú bàbá wa," ó wí.

"Bàbá wa á fẹ́ kí o wà lórí ìdúró."

Ó dúró níbẹ̀. Èmi náà dúró. A wo oòrùn tó ń yọ lórí àwọn àwọ̀n. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ kú oore àná, Ẹ̀gbọ́n." Mo ní a ti rí i.

Mo ń jí lójoojúmọ́, màá tẹ́tí sílẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bá àwọn tó wà lórí òpó jà, màá ní Ọlọ́run ṣeun. Mo ń jẹun.

Ọjọ́ ọjà pé. Àwa mẹ́ta la sọ̀kalẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, mo fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Akọ̀wé ní Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin mọ́. Múwà gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé òkúta. Òkúta náà rò ó díẹ̀, ó sì gbà á. Ó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn tì.

Mo jókòó sórí àga gígùn tó wà níta, Ìyá Fọlárìn jókòó tì mí. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá ẹran rẹ̀ tó fẹ́ bímọ. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti inú yàrá náà. Ìgbà tí mo jẹ́ Etí, mo rò pé ohun tó le jù ni láti gbọ́. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí eékún, mo sì mọ ohun tí ojú ìyàwó rẹ̀ ti rí ní gbogbo ìgbà tí mo ń wọlé tí mo ń jáde.

Dókítà Ọmọ́tádé gba iwájú wa kọjá, ó wọ yàrá mìíràn. Kò wò wá. Òfin ò jẹ́ kí ó fi ojú sọ nǹkan kan fún wa.

Ilẹ̀kùn ṣí. Múwà jáde. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò dákẹ́ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó kọjá lára wa, ó bọ́ sí ọ̀nà ibi ọkọ̀ olókùn, àwa sì tẹ̀ lé e. Ìyá Fọlárìn di apá aṣọ mi mú.

Ilé tútù kan wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ náà, wọ́n ń ta irúgbìn igi níbẹ̀. Múwà wọlé. Ó ń rìn láàárín wọn, ó ń fọwọ́ kan ewé. Ó béèrè bóyá wọ́n ní àgbálùmọ̀. Ọkùnrin tó ń tà á fi ọ̀kan hàn án nínú ike kan, kò ga ju orúnkún lọ. Ọkùnrin náà wo irun orí Múwà, ó wo tèmi. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kí Bàbá má bínú, igi yìí máa ń pẹ́ gan-an kó tó so, pé àwọn tó ń rà á, àwọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń rà á sílẹ̀ fún.

"Èmi ni màá jẹ ẹ́," ni Múwà wí. "Àmì mi ò pupa mọ́. Bó bá kù, kí wọ́n máa jẹ."

Ìyá Fọlárìn jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn igi.

Múwà bẹ̀rẹ̀ láti gbé ike náà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Erùpẹ̀ rẹ̀ tutù, ó wúwo. Mo gbé e mọ́ àyà, mo sì gbé e wọ inú ọkọ̀.